"Ìṣẹ́jú 7 sí Musashi-Kosugi": géètì wo ni wọ́n ń sọ?

Aláìmọ̀nà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ń bẹ ní Shinagawa ní Tokyo, aago 9 àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé. Yàrá kan ń bẹ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Musashi-Kosugi ní ìlú Kawasaki. Ìpolówó rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 7 ni ẹsẹ̀ dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ sì ń lo bí ìṣẹ́jú 10 dé Shinagawa. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17. Ṣé ẹni tó bá jáde nílé ní 8:30 á dé ibi iṣẹ́ láì sáré? Alágbàtà ilé náà tún ní ìlà èrò tó máa ń gùn dé títì láàárọ̀ ti dópin látìgbà tí wọ́n ti kọ́ pèpéle tuntun, ibi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni?

---

Atúmáàpù:

Kò ní dé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú "ìṣẹ́jú 7" yẹn palẹ̀.

Ní Jàpáànì, òfin tó de ìpolówó ilé ni pé 80 mítà ni ìṣẹ́jú kan, bó bá sì ṣẹ́ kù díẹ̀, wọ́n á kà á sí odidi. Ìṣẹ́jú 7 wá túmọ̀ sí ọ̀nà tó lé ní 480 mítà, tí kò sì kọjá 560. Wọn ò ka iná ojú títì mọ́ ọn. Wọn ò ka dídúró de ẹ̀rọ agbéniròkè mọ́ ọn, ilé alájà 40 sì pọ̀ ládùúgbò yẹn, gbogbo ará ilé ló sì ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láago 8. Ẹnu ibùdókọ̀ sì ni ìṣirò wọn parí sí. Ohun tó wà láàárín ẹnu ibùdókọ̀ àti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tìrẹ nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni Musashi-Kosugi ti ń mú àlejò. Orúkọ kan ni, ibùdókọ̀ mẹ́ta ni. Èkíní ni ti ilé-iṣẹ́ Tokyu, tí ọ̀nà Toyoko àti ọ̀nà Meguro jọ ń lò. Èkejì ni ti ọ̀nà Nambu ti ilé-iṣẹ́ JR East, tí ọ̀nà Tokyu gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀nà Yokosuka, JR East ló ni òun náà, àmọ́ ó jìnnà sí àwọn méjì yòókù, ó wà lẹ́bàá afárá Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá. Shinkansen ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì dúró. Ọkọ̀ Shinagawa tí o ń sọ, ọ̀nà Yokosuka yẹn ló ń gbà.

Nítorí náà, padà lọ bi alágbàtà náà: ìṣẹ́jú 7 sí géètì wo? Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn wà ní ìhà Nambu. Gúúsù Tuntun àti géètì Tsunashima Kaidō wà ní ìhà Yokosuka. Tokyu ní àwọn géètì tirẹ̀. Ìpolówó lè fi èyí tó sún mọ́ ilé jù ka iye rẹ̀, kò sì purọ́.

---

Ìyá Oníkáàdì:

Atúmáàpù, o ti kó àyà ọmọ ọlọ́mọ já. Kí ló dé tí o ò sọ pé JR kan náà ni Nambu àti Yokosuka? Téèyàn bá wọ géètì Àríwá, kò tún sí géètì kankan níwájú rẹ̀ títí dé pèpéle Yokosuka. Inú ni yóò gbà. Káàdì owó ọkọ̀ ẹyọ kan, ìfọwọ́kàn ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú 5 tó o láti Nambu dé Yokosuka.

---

Atúmáàpù:

Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú 5 tó fún ẹni tó ń dá rìn láago 2 ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà ni ọ̀nà inú yẹn. Láàárọ̀, àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Nambu tí wọ́n ń lọ bá Yokosuka ń kún ọ̀nà náà, àwọn tó bọ́ sílẹ̀ ní Yokosuka tí wọ́n ń lọ bá Nambu ń bọ̀ lódìkejì. Ìrìn ẹni tó wà níwájú rẹ ni ìrìn tìrẹ. Ìṣẹ́jú 7 sí 8 ni kó kà á sí, 10 bí òjò bá ń rọ̀ tí agboòrùn sì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

---

Ìyá Oníkáàdì:

Ó dáa, mo gbà 7. Mi ò gba 10.

---

Kóòṣì Kẹẹ̀ẹ́dógún:

Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi jìnnà síra á máa rò pé àìbìkítà ló fà á. Ọ̀nà ọkọ̀ ẹrù ni irin tí Yokosuka ń gbà kọjá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n darí ọkọ̀ Yokosuka síbẹ̀ kí ó lè kúrò lójú irin kan náà pẹ̀lú ọ̀nà Tōkaidō. Nígbà yẹn Yokosuka ń kọjá ní Musashi-Kosugi láì dúró. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2010 ni wọ́n ṣí pèpéle rẹ̀ níbẹ̀. Ti Tokyu ti wà láti 1945. Wọn ò lè gbé irin lọ bá ibùdókọ̀ àtijọ́, ni wọ́n bá fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ so wọ́n pọ̀.

Tó bá di pé ibùdókọ̀ kan ṣoṣo lè gbé èèyàn lọ sí Shinagawa, Tokyo, Shibuya, Shinjuku àti Yokohama láì pààrọ̀ ọkọ̀, kí lẹ rò pé àwọn olùkọ́lé á ṣe? Ilé gogoro dìde lórí ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀.

---

Ọ̀gá Ìlà:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ ìlà, nítorí òun ni alágbàtà fi ń fa ojú ọmọ náà mọ́ra.

Pèpéle Yokosuka àkọ́kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó wà láàárín irin méjì. Ẹni tó ń lọ sí Tokyo àti ẹni tó ń lọ sí Yokohama jọ ń dúró lórí rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn síra. Ọkọ̀ tó ní kóòṣì 15 tó so mọ́ra wọn á dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn á bọ́ sílẹ̀ sáàárín àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ìhà kejì. Bí wọn ò bá tíì ríbi kúrò lórí pèpéle nígbà tí ọkọ̀ mìíràn á fi dé, ewu ni, nítorí etí pèpéle ni àwọn tó kù máa tọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni kí wọ́n dá èèyàn dúró níta. Ìyẹn ni ìlà tí ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ní 2018. Lọ́dún yẹn JR fi géètì ìgbà díẹ̀ kan kún un fún àárọ̀, tí wíwọlé nìkan wà fún.

Ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n ṣí pèpéle kejì fún àwọn tó ń lọ sí ìhà Yokohama. Ti àtijọ́ wá di ti ìhà Tokyo àti Shinjuku nìkan. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2023, géètì Tsunashima Kaidō ṣí, àwọn tó ń gbé lápá ibẹ̀ ò sì yí ká lọ sí Gúúsù Tuntun mọ́.

Nítorí náà, òótọ́ ni alágbàtà sọ nípa títì. Ìlà ti kúrò lójú títì. Mo fara mọ́ ọn.

---

Kóòṣì Kẹẹ̀ẹ́dógún:

Ìlà kúrò ní títì, ó wọ inú kóòṣì. Pèpéle kì í gbé èèyàn lọ sí Shinagawa o, ọkọ̀ ló ń gbé e.

Láti Musashi-Kosugi dé Nishi-Ōi, irin kan ṣoṣo ni ìhà Tokyo ń lò, ọkọ̀ ọ̀nà mẹ́ta ló sì ń pín in: Yokosuka, Shōnan-Shinjuku, àti ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Sōtetsu tó wọlé láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2019. Lẹ́yìn Nishi-Ōi ni irin pínyà, Yokosuka yà sí Shinagawa, àwọn méjì yòókù yà sí Ōsaki. Ọkọ̀ kan tó o bá fi kún ọ̀nà kan, o ti gba àyè lọ́wọ́ èkejì. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ́ pèpéle débi tí irin á fi di méjì.

Ní 2018, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ Yokosuka láti Musashi-Kosugi sí Nishi-Ōi kún dé 197% nígbà tí èrò pọ̀ jù láàárọ̀. Kí ni 197%? Ní ìwọ̀n tiwọn, 100% ni pé gbogbo èèyàn rí ìjókòó, tàbí okùn dìmú, tàbí ọ̀pá ẹnu ilẹ̀kùn. Ní 150%, èèyàn ṣì lè na ìwé ìròyìn kà. Ní 180%, àfi kó ṣẹ́ ẹ po. Ní 200%, ara ń kan ara, wọ́n ń fún ara wọn, àmọ́ ìwé ìròyìn kékeré ṣì ṣeé kà. Ní 250%, bí ọkọ̀ bá mì, o ò lè gbé ọwọ́. Lẹ́yìn àrùn kòrónà, iye náà wálẹ̀ nítorí àwọn kan ń ṣiṣẹ́ látilé. Ìyẹn ló dín ìlà kù jù, pèpéle ni wọ́n ń yìn.

---

Ọ̀gá Ìlà:

Àríyànjiyàn yìí ò ní tán láéláé, nítorí nǹkan méjì lẹ dà pọ̀. Pípọ̀ nínú ọkọ̀ jẹ́ ìnira. Pípọ̀ lórí pèpéle tóóró jẹ́ ikú. Èkejì ni pèpéle tuntun yanjú. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n kọ́ ọ kí ẹ lè rí ìjókòó.

---

Ìyá Oníkáàdì:

Ẹ bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ tó máa lò láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Géètì kan lè kó bí èèyàn 60 kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń dí i ni ẹni tí káàdì rẹ̀ kọ̀. Ìdí rẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ.

Owó ò tó. Géètì á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ níbi ìjáde. Má bá a jà, lọ síbi ẹ̀rọ tó ń gba àfikún owó ọ̀nà nínú géètì, fi owó sí káàdì, kí o padà wá. Suica, ìyẹn káàdì owó ọkọ̀ ti JR, ń gbà tó 20,000 yen, nítorí náà kò sí ìdí láti máa fi 500, 500 sí i.

Káàdì méjì wà nínú pọ́ọ̀sì kan. Ẹ̀rọ ò mọ èyí tó máa kà. Yọ ọ̀kan.

O gbé e kúrò kíákíá. Wọ́n dọ́gbọ́n tẹ ojú ẹ̀rọ yẹn síwájú díẹ̀ kí ọwọ́ lè dúró lé e. Gbé káàdì lé e pẹlẹbẹ, má fì í lórí afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Tí ó bá jẹ́ fóònù, iPhone láti orí 8 sókè gba Suica níbikíbi tí wọ́n bá ti rà á. Android tí wọ́n rà ní òkèèrè, ọ̀pọ̀ jù lọ ò gbà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé iwájú géètì láago 8 kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Páàsì iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní teiki, ti oṣù kan, mẹ́ta tàbí mẹ́fà ló wà. Ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń san án. Bí o bá ra ti JR, gbogbo géètì JR níbẹ̀ ló gbà ọ́. Ti Tokyu ò gbà ọ́, owó ọ̀nà lọ́tọ̀ ni.

---

Aláìmọ̀nà:

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo ni kí èèyàn wọ̀? Mo rí i pé lórí pèpéle kan náà, òmíràn ń lọ sí Chiba, òmíràn ń lọ sí Utsunomiya, òmíràn sí Takasaki. Kò sí èyí tí wọ́n kọ Shinagawa sí.

---

Kóòṣì Kẹẹ̀ẹ́dógún:

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn. Àṣà wọn ni láti kọ ibi tí ọkọ̀ máa parí sí. Kọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí sórí:

Chiba, Tsudanuma, Narita, Kazusa-Ichinomiya, Kimitsu: Yokosuka ni, ó ń dúró ní Shinagawa àti ní Tokyo. Wọ̀ ọ́.

Utsunomiya, Koganei, Takasaki, Kagohara: Shōnan-Shinjuku ni, ó ń gba Ōsaki lọ sí Shibuya àti Shinjuku. Kò dé Shinagawa rárá.

Ọkọ̀ tó wá láti Sōtetsu tó ń lọ sí Shinjuku: kò dé Shinagawa. Kóòṣì 10 ló ní, nígbà tí Yokosuka lè ní 15, nítorí náà bí o bá dúró sí ìpẹ̀kun pèpéle, wàá rí i tó dúró níwájú, wàá sì máa sáré. Ilẹ̀ pèpéle ni wọ́n kọ ọ́ sí, ibi tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ oníkóòṣì mélòó máa dúró. Wo ojú pátákó, kí o tó wo ilẹ̀.

Narita Express náà ń dúró níbẹ̀, ó sì ń dé Shinagawa, àmọ́ ó gba owó àkànṣe lórí owó ọ̀nà. Páàsì iṣẹ́ nìkan ò gbé ọ.

Bí o bá ṣì wọ Shōnan-Shinjuku, má dààmú. Jókòó títí dé Ōsaki, bọ́ sílẹ̀, wọ ọ̀nà Yamanote ti JR, ibùdókọ̀ kan péré ni sí Shinagawa. Má ronú láti bọ́ sílẹ̀ ní Nishi-Ōi, nítorí àwọn ọkọ̀ Shōnan-Shinjuku kan ń fo ibẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ewu tirẹ̀ wà lódìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Yokohama láti Musashi-Kosugi, kó má wọ ọkọ̀ tí wọ́n kọ Ebina sí. Ti Sōtetsu ni. Láti Musashi-Kosugi, ó gba ojú irin ọkọ̀ ẹrù lọ, kò dúró títí dé Hazawa Yokohama-Kokudai. Kò fojú kan ibùdókọ̀ Yokohama. Orúkọ "Yokohama" tó wà nínú orúkọ yẹn ti fa ọ̀pọ̀ èèyàn sínú igbó.

---

Ọlọ́rọ̀-Díẹ̀:

Gbogbo ìyà yìí nítorí 750 yen? Kóòṣì 4 àti 5 lórí ọkọ̀ Yokosuka àti Shōnan-Shinjuku ni Green Car, kóòṣì tí èèyàn ń san àfikún owó fún. Àga rẹ̀ dáa, tábìlì wà.

---

Kóòṣì Kẹẹ̀ẹ́dógún:

Sọ ọ́ tán, má gé e sí méjì. Láti oṣù kẹta 2024, 750 yen ni dé 50 kìlómítà, 1,000 yen dé 100, tí o bá fi Suica ra á kí o tó wọlé. Tí o bá ra ti bébà tàbí tí o sanwó nínú ọkọ̀, 260 yen á gun orí rẹ̀. Orí owó ọ̀nà ló ń gùn. Wàá jókòó, wàá gbé káàdì sí ojú ẹ̀rọ tó wà lókè àga, iná pupa á di àwọ̀ ewé. Bí iná ò bá yí padà, òṣìṣẹ́ á wá bi ọ́.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé owó yẹn kì í ṣe owó àga. Kò sí nọ́ńbà ìjókòó. Ọkọ̀ ti gbé èèyàn wá láti Zushi, Kamakura, Ōfuna àti Yokohama kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láago 8, ẹni tó ra Green Car ní Musashi-Kosugi sábà máa ń san 750 yen láti dúró fún ìṣẹ́jú 10. Tí kò bá sí àyè, tí o sì fẹ́ lọ sí kóòṣì lásán, wá òṣìṣẹ́ Green Car, kí o sọ fún un kí o tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Tí o bá dúró síbẹ̀ títí o fi bọ́ sílẹ̀, o ti lò ó nìyẹn. Ọkọ̀ Sōtetsu ò ní Green Car rárá.

---

Ẹlẹ́sẹ̀ Nambu:

Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Nambu bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìhà Àríwá, ẹ gbọ́: wọ Nambu lọ sí Kawasaki, bọ́ sílẹ̀, wọ Tōkaidō, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Shinagawa. Lóòótọ́ o máa pààrọ̀ ọkọ̀, àmọ́ o ò ní rin ọ̀nà jíjìn yẹn, ọkọ̀ Nambu sì ń dé léraléra. Kóòṣì 6 péré ló ní, nítorí náà má dúró sí ìpẹ̀kun pèpéle.

Láti oṣù kẹta 2025, awakọ̀ nìkan ló wà nínú ọkọ̀ Nambu, kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀ lẹ́yìn mọ́. Awakọ̀ ń wo àwọn ilẹ̀kùn nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú rẹ̀. Orin tí pèpéle máa ń kọ kí ọkọ̀ tó lọ ti dákẹ́, ara ọkọ̀ ni ohùn ń ti jáde báyìí. Ẹni tó bá ń retí orin kó tó sáré á pẹ́ lórí àtẹ̀gùn.

---

Ìyá Oníkáàdì:

Wọ́n ò tiẹ̀ fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sáré. Bí aṣọ tàbí báàgì bá há sí ilẹ̀kùn, wọ́n á tún un ṣí, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan á lọ, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á dúró. Tí ohun kan bá já bọ́ sójú irin, ìbáà jẹ́ fóònù, má sọ̀ kalẹ̀. Pe òṣìṣẹ́, wọ́n ní ọ̀pá gígùn tó ń gbá nǹkan mú. Tó bá jẹ́ èèyàn ló ṣubú, tẹ bọ́tìnì pàjáwìrì tó wà lára òpó pèpéle lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bú ọ.

---

Ọlọ́rọ̀-Díẹ̀:

Nígbà tẹ́ ẹ ti dé orí àtẹ̀gùn: ní apá òsì ni wọ́n ń dúró lórí àtẹ̀gùn oníná ní Tokyo àti Kawasaki, ní Ōsaka apá ọ̀tún ni. Ta ló tọ̀nà?

---

Ọ̀gá Ìlà:

Kò sí èyí tó tọ̀nà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń sọ pé kí ẹ dúró ní apá méjèèjì, ẹ má rìn. Saitama ti sọ ọ́ di òfin láti oṣù kẹwàá 2021, ìlú Nagoya láti oṣù kẹwàá 2023. Nígbà tí apá kan bá ṣófo fún àwọn tó ń sáré, ìdajì àtẹ̀gùn ló ń ṣiṣẹ́, ìlà ìsàlẹ̀ á sì gùn. Ní ibùdókọ̀ tí ìlà ti jẹ́ ìṣòro, ìṣirò yẹn ò le. Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀.

---

Atúmáàpù:

Mo padà. Ohun kan ṣì kù tí ẹ ò tíì sọ: ọjọ́ tí Yokosuka bá dúró. Ó sì ń dúró, nítorí Shōnan-Shinjuku ń rin ọ̀nà jíjìn, láti Utsunomiya àti Takasaki títí dé Odawara àti Zushi. Afẹ́fẹ́ líle níbì kan tí o ò dé rí lè dá ọ dúró ní Kosugi.

Bí wọ́n bá kéde furikae, ìyẹn gbígbé èrò lọ sórí ọ̀nà ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó ní páàsì iṣẹ́ lè fi í wọ ọ̀nà Tokyu láì sanwó mìíràn. Lọ sí pèpéle Tokyu, wọ Meguro dé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní Meguro, kí o wọ Yamanote: Gotanda, Ōsaki, Shinagawa.

Ibi tí wọ́n ti ń bá òṣìṣẹ́ jà ni pé ẹni tó fi owó inú Suica wọlé lásán, láìsí páàsì, kò sí nínú ètò yẹn. Furikae wà fún ẹni tó ti ra páàsì tàbí tíkẹ́ẹ̀tì kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Owó Suica, ibi tí o bá jáde sí ni wọ́n máa fi gé e. Tí o bá fọwọ́ kan géètì Tokyu, o ti sanwó nìyẹn.

Gba ìwé ẹ̀rí ìdádúró, chien shōmeisho. Òṣìṣẹ́ ń pín in ní géètì, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, wákàtí wo, ìṣẹ́jú mélòó. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ń béèrè fún un.

---

Ẹlẹ́sẹ̀ Nambu:

Ẹ fi ti omi kún un. Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2019, ìjì Hagibis. Odò Tama kún, omi rẹ̀ gba inú ọ̀nà àgbàrá abẹ́lẹ̀ padà wọ àdúgbò. Ó wọ ibi géètì Yokosuka, àwọn géètì àti àtẹ̀gùn oníná bà jẹ́, ilé gogoro alájà 47 kan pàdánù iná nítorí ẹ̀rọ iná rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé. Ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ kó wo máàpù ìkún omi tí ìlú Kawasaki ń tẹ̀ jáde, kó sì béèrè ibi tí ẹ̀rọ iná ilé náà wà kó tó fọwọ́ sí ìwé.

---

Aláìmọ̀nà:

Alágbàtà ti fèsì. Ó ní géètì Àríwá ni. Ó tún ní "àmọ́ JR ni gbogbo rẹ̀".

---

Atúmáàpù:

Mo ti mọ̀. Jẹ́ ká kà á. Jáde ní yàrá 8:30. Ẹ̀rọ agbéniròkè, ìṣẹ́jú 3. Ìrìn ìṣẹ́jú 7, iná ojú títì méjì, fi 2 kún un: géètì Àríwá ní 8:42. Ìṣẹ́jú 7 nínú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí Ìyá Oníkáàdì má baà bínú: pèpéle Yokosuka ní 8:49. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé lè jẹ́ ti Utsunomiya, jẹ́ kó lọ, fi 4 sí i: 8:53. Ìṣẹ́jú 10 lójú irin: Shinagawa ní 9:03. Pèpéle Yokosuka ní Shinagawa wà ní ìhà Kōnan, àfi kí o gun òkè kí o tó rí géètì, ìṣẹ́jú 5 láàárín èrò: 9:08. O ò tíì rìn dé ilé iṣẹ́.

Nítorí náà, 8:05 ni kó jáde tó bá fẹ́ kó ṣẹ́ kù díẹ̀ fún ọjọ́ burúkú. Bó bá jẹ́ pé géètì Gúúsù Tuntun ni ìṣẹ́jú 7 náà, 8:10 á tó.

---

Ẹlẹ́sẹ̀ Nambu:

Tàbí kó gba Kawasaki bí mo ṣe wí.

---

Ìyá Oníkáàdì:

Ọmọ mi, kí o tó san owó ilé, lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday láago 7:50. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá, má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilé. Fi fóònù ka àkókò dé ibi tí o máa dúró sí lórí pèpéle. Rin ọ̀nà Kawasaki lọ́jọ́ kejì kí Ẹlẹ́sẹ̀ Nambu lè sinmi. Bí o bá bọ́ sílẹ̀ ní Shinagawa, wo nọ́ńbà kóòṣì tó dúró níwájú àtẹ̀gùn, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì máa wọ kóòṣì yẹn láti Kosugi.

---

Aláìmọ̀nà:

Mo ti bi í bóyá yàrá mìíràn wà ní ìhà Tsunashima Kaidō. Ó ní ó wà, ìṣẹ́jú 9, owó rẹ̀ sì dín.

---

Atúmáàpù:

Mú ìyẹn. Ìṣẹ́jú 9 níta sàn ju 7 níta àti 7 nínú. Àmọ́ bi í bóyá ẹ̀rọ iná wọn wà nísàlẹ̀.